"Aláàbọ̀ Ara" Kọ́, Ìyá Ọmọ Ni

Ó pẹ́ díẹ̀ tí mo ti kọ nǹkan síbí. Ìwé ìdánwò ni kò jẹ́ kí n ráyè. Gbólóhùn kan tí mo bá nínú ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà ló mú mi padà wá lónìí.

Mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ìròyìn kan láti tú sí èdè Yorùbá. Ó dá lórí obìnrin kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ lórí àga oníkẹ̀kẹ́ fún ẹgbẹ́ kan ní Jámánì, tó tún ń gbá a fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ó sì ń gbé ọmọ náà dání lọ síbi ìdíje. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló pè é ní "aláàbọ̀ ara". Àwọn méjì kọ "abirùn". Ẹnì kan wá fi gbólóhùn tirẹ̀ kún un, èyí tí kò sí nínú ìròyìn náà rárá: "Àánú ọmọ náà ṣeni, nítorí ìyá rẹ̀ kò lè pọ̀n ọ́n." Alábàáṣiṣẹ́ mi kan kà á, ó ní akẹ́kọ̀ọ́ náà gbọ́ Yorùbá, pé àṣà wa ló sọ. Èmi kò gbà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Aláàbọ̀ ara ni ẹni tó ni àbọ̀ ara, ẹni tí ara rẹ̀ kò ju ìdajì lọ. Ta ló wọ̀n ọ́n? Abirùn tún burú jù bẹ́ẹ̀, nítorí àrùn ló wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tí à ń pè bẹ́ẹ̀ lè má ṣàìsàn fún ọdún márùn-ún gbáko. Àwọn kan ti wá sá sábẹ́ "àkàndá ẹ̀dá", ọ̀rọ̀ dídùn tí kò sọ nǹkan kan. (Mo mọ̀ pé inú àwọn ọ̀rẹ́ mi oníròyìn kò ní í dùn sí èyí.)

Eré náà gan-an ní àbọ̀ tirẹ̀. Wọ́n ń fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní àmì gẹ́gẹ́ bí ó ti lè lo ara rẹ̀ sí, láti 1.0 dé 4.5, àbọ̀ àbọ̀ ni wọ́n sì fi ń gùn ún. Nínú ìdíje àgbáyé, àpapọ̀ àmì àwọn márùn-ún tó wà lórí pápá kò gbọdọ̀ ju 14 lọ. Nítorí náà, ẹgbẹ́ kan kò lè kó kìkì àwọn tí àmì wọn ga jọ. Ẹni tí kò lè fi agbára ẹ̀yìn àti ikùn gbé ara rẹ̀ nàró ní ipò tirẹ̀ níbẹ̀, ẹgbẹ́ kò sì pé láìsí i. Gíga apẹ̀rẹ̀ jẹ́ mítà 3.05, bákan náà pẹ̀lú ti àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ sáré. Ẹnikẹ́ni kò bá wọn rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ní líìgì Jámánì, tọkùnrin tobìnrin ló jọ ń gbá a nínú ẹgbẹ́ kan náà. Bí ẹ bá sì ní eré òyìnbó ni, Ade Adepitan, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1973, tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kọlù ní kékeré, wà lára àwọn tó gba idẹ fún Ìlú Ọba ní Athens ní 2004.

Ó ku "pọ̀n". Ìyá tó wà lórí àga lè gbé ọmọ lé itan, kó fi ọ̀já dì í mọ́ àyà, kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ráyè yí táyà. N kò sọ pé ó rọrùn. Àga ìdíje kì í ṣe irú èyí tí à ń rí ní ilé ìwòsàn: ìwọ̀n ara ẹni ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n sì ń fi bẹ́líìtì di ìbàdí mọ́ ọn pinpin. Ara tó ti gbé oyún máa ń yí padà, àga ọdún tó kọjá lè máà gba ìyá náà mọ́. Líìgì ń lọ láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹrin. Nígbà tó bá parí, orílẹ̀-èdè ẹni yóò tún ránṣẹ́ peni. Ìṣòro nìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kọ́ ló fà wọ́n. Ní 2021, kí Olympics Tokyo tó bẹ̀rẹ̀, Kim Gaucher, ìyá ọlọ́mú tó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ fún Kánádà, ní láti bẹ̀bẹ̀ ní gbangba kí wọ́n tó gbà á láàyè láti mú ọmọ rẹ̀ dání, nítorí òfin kòrónà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ni Gaucher fi ń rìn o! Láti 1896 ni Olympics òde òní ti bẹ̀rẹ̀. Ó di Paris 2024 kí wọ́n tó ṣe yàrá ìtọ́jú ọmọ sí abúlé àwọn eléré ìdárayá.

Patrick Anderson ará Kánádà, tó gba góòlù lórí àga oníkẹ̀kẹ́ ní 2000, 2004 àti 2012, bàbá ọmọ ni. Èmi kò tíì rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti bi í pé ta ló ń pọ̀n wọ́n.

Àṣà wo wá ni alábàáṣiṣẹ́ mi ń wí? Alájàpá ń kúrò nílé, ó ń sun ọ̀nà, ìyá àgbà àti orogún ló ń bá a bójú tó ọmọ tí kò bá gbé dání. Èmi tí mò ń kọ èyí, ìyá ìyá mi ló tọ́ mi títí mo fi pé ọdún mẹ́rin, nítorí ọjà. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé àánú mi ṣe òun.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe ìdánwò náà ń lo àga oníkẹ̀kẹ́. Ohun tó kọ ni: "ìyá kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ lórí àga oníkẹ̀kẹ́". Kò fi nǹkan kan kún un. Mo fún un ní máàkì rẹ̀ pé. Máàkì márùn-ún ni mo yọ lórí gbólóhùn àánú yẹn. Alábàáṣiṣẹ́ mi ní ó ti pọ̀ jù, n kò sì dá a padà.