Ẹran Tútù Kọ́ Ló Ń Ṣọ́lé

Mo tún gbọ́ ọ lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, níwájú àtẹ alápatà kan ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn. Ọkùnrin kan ra fùkù fún ajá rẹ̀. Bí alápatà ṣe ń dì í sínú ọ̀rá ló ń gbà á nímọ̀ràn bí ẹni ń fi ogún lé ọmọ lọ́wọ́: "Ẹ má sè é o, ọ̀gá. Tútù ni kẹ́ ẹ fún un. Ajá tó bá ń jẹ ẹran sísè, ojo ni." Àwa mẹ́rin la dúró níbẹ̀, àwọn mẹ́ta yòókù sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu onílé, lẹ́nu mẹ́gádì, àní lẹ́nu àwọn tó ń tajá, tó yẹ kí wọ́n mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ló jẹ́ kí n kọ ìwé yìí.

Ohun tí wọ́n ń sọ ò ju èyí lọ: ajá tó bá ti tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò á rorò, ajá tó bá sì rorò ni olè ń bẹ̀rù. Àwọn kan tiẹ̀ ń gún ata mọ́ ọn. Mi ò ní bá wọn tún ẹjọ́ wọn ṣe, nítorí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ náà nìyẹn.

Ká kọ́kọ́ ti àwọn kéékèèké kúrò lọ́nà. Ẹni tó bá ní ìkookò ni baba ńlá ajá, pé ìkookò kì í sì í dáná, kò purọ́, ṣùgbọ́n ajá ti kúrò nígbó, ọjọ́ ti pẹ́. Ní 2013, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Sweden, tí Erik Axelsson ṣaájú wọn, fi hàn pé àbùdá tó ń jẹ́ kí ara lè lo oúnjẹ bí ìrẹsì àti àgbàdo, ẹ̀dà méjì péré ló wà lára ìkookò; ti ajá ń lọ láti 4 sí 30. Ìdí ààrò wa ni ajá ti di ajá. Ẹni tó bá sì ní àwọn òyìnbó náà ń fún ajá ní ẹran tútù, àwọn tó ń ṣe é níbẹ̀ ní torí eyín àti irun ajá ni, kì í ṣe torí kó lè bu èèyàn jẹ. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì ti gbà wọ́n níyànjú láti 2012 pé kí wọ́n yé ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ìrorò yìí gan-an ló ń ká mi lára.

Ládùúgbò tí mò ń gbé tẹ́lẹ̀, aládùúgbò mi kan ra ajá Jámánì kan. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni nígbà tí wọ́n gbé e dé nínú páálí. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n so ó mọ́ ìdí máńgòrò lẹ́yìnkùlé. Ṣéènì náà ò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ. Láràárọ̀, mẹ́gádì á fi igi gígùn kan ti fùkù tútù sí i láti òkèèrè, á sì yáa sá padà. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́jọ, ilẹ̀ tí ajá náà ń yí po ti pá, ó rí rìbìtì bí ojú ayò, koríko kan ò hù níbẹ̀ mọ́. Ṣéènì ti jẹ ọrùn rẹ̀ di egbò, eṣinṣin ń bò ó. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ pa á lórí rí. Bí ọmọ ilé bá kọjá, á fò mọ́ ọn. Bí àlejò bá kọjá, á fò mọ́ ọn. Baba ilé sì máa ń pe èèyàn wá wò ó: "Ṣé ẹ rí i? Ẹran tútù ni!"

Irọ́ ni! Ṣéènì ńkọ́? Egbò ọrùn ńkọ́? Igi tí wọ́n ń nà sí i láràárọ̀ ńkọ́? Nínú gbogbo ohun tí wọ́n fi jẹ ajá yẹn níyà, ẹran nìkan ni wọ́n rí tọ́ka sí.

Àwọn onímọ̀ méjì kan ní Amẹ́ríkà, John Paul Scott àti John Fuller, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí ọmọ ajá ṣe ń dàgbà, wọ́n sì tẹ ìwé wọn jáde ní 1965. Ohun tí wọ́n rí ni pé láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkejìlá ni ọmọ ajá ń mọ ẹni tó jẹ́ ẹbí rẹ̀. Èyí tí ò bá bá èèyàn ṣe nígbà náà, bí ẹran ìgbẹ́ ló ń bẹ̀rù èèyàn. Ajá aládùúgbò mi dé lọ́sẹ̀ kẹjọ. Igi ló fi èyí tó kù lára àkókò náà mọ̀. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ̀rù lẹ̀ ń pè ní ìrorò.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin ilé náà, ọmọ ọdún mẹ́fà, lé bọ́ọ̀lù rẹ̀ dé ìdí máńgòrò. Fùkù àárọ̀ ṣì kù nílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù sì dúró sí. Ajá tí ò rí nǹkan jẹ àfi ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ rò pé wọ́n fẹ́ gba oúnjẹ òun. Igbe ọmọ náà ni mo gbọ́ tí mo fi fo ògiri. Èmi ni mo gbé e dé ìdí ẹ̀rọ omi, tí mò ń fi ọṣẹ fọ apá rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko, tó ń ké mọ́ mi létí. Mo bi baba rẹ̀ pé ìgbà wo ni ajá yìí gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kẹ́yìn. Kò gbà á rí! Ẹni tó ń rówó ra fùkù lójoojúmọ́! Ọmọ náà ló wá ń gba abẹ́rẹ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ nílé ìwòsàn dípò ajá.

Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí olè wọ ilé yẹn. Àwa tá a wà ládùúgbò ò gbọ́ gbígbó ajá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tílẹ̀ mọ́, a bá a tó ti kú sí ìdí máńgòrò, ìfófòó lẹ́nu, ṣéènì lọ́rùn. Jẹnẹrétọ̀ ti lọ, bátìrì ti lọ. Ègé ẹran kan ṣì wà nílẹ̀ tí kò jẹ tán. Ẹran tútù ni. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ pé ohun tí wọ́n bá jù sóun láti òkèèrè, oúnjẹ òun ni, ẹni yòówù kó jù ú. Olè ò ṣe ju kó fi májèlé sí i lọ.

Baba ìyá mi ṣọdẹ. Ó ní ajá ìbílẹ̀ kan tó ń jẹ́ Tanímọ̀la, tí kò ga ju orúnkún lọ. Ẹ̀kọ tútù àti ẹ̀bà àná ló ń jẹ, pẹ̀lú omi ọbẹ̀. Bó bá dọ́wọ́ ọ̀yà nígbó, kì í jọ̀wọ́ rẹ̀ títí baba fi máa dé. Nílé, àwa ọmọ ń sùn lé e lórí. Bí àjèjì bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé lóru, gbogbo àdúgbò ló máa mọ̀, nítorí Tanímọ̀la mọ gbogbo ará ilé, ó sì mọ ẹni tí kì í ṣe ara wọn. Ìyẹn là ń pè ní ajá tó ń ṣọ́lé.

Ti àìsàn tún wà níbẹ̀. Fùkù tàbí ẹ̀dọ̀ tó bá ní àpò omi lára, aràn lè wà nínú rẹ̀. Ajá á jẹ ẹ́ ní tútù, ẹyin aràn á bá ìgbẹ́ ajá jáde, ọmọ tó ń ṣeré nílẹ̀ á gbé e mì, àpò omi náà á sì wú nínú ẹ̀dọ̀ ọmọ èèyàn. Iná ń pa aràn náà.

Ohun tó yẹ ká ṣe ò ṣòro. Se ẹran náà, pò ó mọ́ ìrẹsì tàbí ẹ̀bà, má fi alùbọ́sà sí i, má fún un ní eegun sísè tó lè fọ́ wẹ́wẹ́. Jẹ́ kí ọmọ ajá mọ gbogbo ará ilé. Bó bá pé oṣù mẹ́ta, gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kó sì máa gbà á lọ́dọọdún.

Ẹ̀yin alápatà, mo bẹ̀ yín, ẹ ta ẹran yín, ẹ fi ìmọ̀ràn yẹn sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra fùkù níwájú mi lọ́jọ́ Sátidé, bí ìwé yìí bá dọ́wọ́ yín, ẹ sè é. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sẹ́yìnkùlé, kẹ́ ẹ tú ajá yẹn sílẹ̀.