Ẹni tó ní kẹ́ ẹ pààrọ̀ ọpọlọ laptop yín, ẹ bi í léèrè o!

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, àmọ́ ohun táwọn kan ń ṣe fún laptop àwọn oníbàárà wọn nìyẹn. Láti ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, tí iléeṣẹ́ Microsoft ti jáwọ́ nínú títún Windows 10 ṣe, ọkàn ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lo laptop tòkunbọ̀ ò balẹ̀ mọ́. Wọ́n á gbé e dé ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń tún un ṣe á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kúkú pààrọ̀ processor ẹ̀, á dà bíi tuntun.” Processor yìí ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n á ki ọwọ́ bàpò, owó oṣù á sì jáde.

Òótọ́ ni pé ó ṣeé pààrọ̀ nínú àwọn kan. Ẹ wo ThinkPad T420, Dell Latitude E6420 àti HP EliteBook 8460p, tí gbogbo wọn jáde ní 2011. Inú ihò ni processor tiwọn jókòó sí. Ẹni tó mọṣẹ́ á tú ìdè kékeré kan, á yọ ti tẹ́lẹ̀, á sì ki òmíràn bọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Intel gbé ìran karùn-ún tí wọ́n ṣe fún laptop jáde ní 2015, òjé ni wọ́n fi jó gbogbo ẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ń ṣe é bọ̀ látìgbà náà. Kódà nínú ìran kẹrin, i5-4300M ṣeé yọ, àmọ́ i5-4300U tó jọ ọ́ bí ìbejì, jíjó ni wọ́n jó o mọ́ ọn. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ pààrọ̀ irú ìyẹn, àfi kó ra odindi bọ́ọ̀dù.

Ibi tọ́rọ̀ wá ta kókó sí rèé. Windows 11 táwọn èèyàn ń tìtorí ẹ̀ náwó, ìran kẹjọ sókè ni Microsoft fọwọ́ sí, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìran keje. Ìran kẹrin lèyí tó ṣeé yọ sì parí sí. Èyí tó ṣeé pààrọ̀ ò lè débẹ̀, èyí tó débẹ̀ ò ṣeé pààrọ̀. Ta lowó ẹ̀ ń ṣòfò? Oníbàárà ni.

Àwọn tí tiwọn ṣeé yọ náà, ẹ rọra o. BIOS, ìyẹn ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà lójú oorun, gbọ́dọ̀ dá processor tuntun náà mọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní í tàn. Ooru náà ńkọ́? Wáàtì 35 ni i5-2520M, 45 ni i7-2720QM. Fáànù tí wọ́n ṣe fún ẹrù kékeré lè má lè ru ńlá. Tó bá gbóná jù, á dẹ eré ara ẹ̀, i7 tẹ́ ẹ fowó rà á wá máa rìn bí ìgbín.

Ọ̀pọ̀ ìgbà kì í tiẹ̀ ṣe ọpọlọ ló ń ṣe é. Hard disk tó ń yí bí ọlọ ló ń fa ẹsẹ̀ ẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ fi SSD rọ́pò ẹ̀, kẹ́ ẹ sọ RAM 4GB di 8GB, ẹ ó rí i pé á jí. Tó bá jẹ́ ti ààbò ló ń kọ yín lóminú, Linux Mint wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń bá àwọn àgbà laptop wọ̀nyí rẹ́.

Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pa pọ̀, ẹ kọ msinfo32, orúkọ processor yín á yọ síta. Tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé inú ihò ló wà àbí wọ́n jó o mọ́ bọ́ọ̀dù? Ṣé BIOS mọ̀ ọ́n? Ṣé fáànù ẹ̀ á gbà á? Ẹni tí ò bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ gba laptop yín lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ máa relé.