Abuké Ọ̀kẹ́rẹ́ Ọ̀nà Kàbà

Ẹni tó bá rìn jìnnà ní í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ti sọ òwe yìí di òwe àwọn tó wọ bàálù. Ẹni tó bá ti dé Lọ́ńdọ̀nù tàbí Dùbáì, a ní ojú rẹ̀ ti là, ó ti rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Lójú tèmi, ìdajì òwe náà la mú. Ẹ wo ọ̀kẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀: ẹranko kékeré tí kì í dúró sójú kan. Ẹni tó ń sáré kọjá, ìrù rẹ̀ ni yóò rí, bó bá tilẹ̀ rí ìyẹn. Kí èèyàn tó mọ̀ pé iké wà lẹ́yìn rẹ̀, àfi kó dúró. Nígbà tí àwọn àgbà ń pa òwe yìí, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn. Ìlú tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí, ibẹ̀ ni wọ́n á sùn. Onílé á bi wọ́n ní ìdílé wọn, á gbé oúnjẹ wá. Ìrìn jíjìn ayé ìgbà náà, ìrìn pẹ̀lẹ́ ni.

Mo mọ tọkọtaya Yorùbá kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó fi ìsinmi wọn wakọ̀ láti ìlú dé ìlú ní gúúsù Ítálì. Wọn ò kánjú. Wọ́n ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, wọ́n ń mu kọfí, wọ́n ń wo àwọn arúgbó tó ń ta ayò. Ìròyìn wọn dùn. Mo wá bi ọkọ, ọmọ Ìbàdàn, bóyá ó mọ Kàbà. Ó ní, "Ibi tí a ti máa ń ra epo nígbà tí a bá ń lọ Àbújá."

Kàbà ọba, olú ìlú àwọn Yorùbá tí à ń pè ní Òwé, ló di ilé epo yẹn!

Èmi àti ìyàwó mi gba ọ̀nà Ìlọrin wọ ilẹ̀ Okun, ilẹ̀ àwọn Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, láti Ẹ̀gbẹ̀ ní Yàgbà. Tọkọtaya kan ti ṣáájú wa níbẹ̀. Ọdún 1908 ni Tommie Titcombe, òyìnbó ajíhìnrere, dé Ẹ̀gbẹ̀. Ethel, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wá bá a lẹ́yìn náà. Ìtàn àwọn ìbejì tí obìnrin náà gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ikú kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn, Titcombe College sì wà níbẹ̀ títí dòní. Wọn ò bá má rí nǹkan kan ṣe ká ní wọ́n kàn kọjá lọ ni.

Ìsánlú, Mọ̀pà, Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀: a sùn, a jẹ iyán, a tẹ̀síwájú. Ara ọkùnrin tó bá di sítíárìn mú kì í balẹ̀. Mo ti ń ka kìlómítà nígbà tí ìyàwó mi ní, "Dádì, ta ló ń lé yín?"

Ògìdì, ní Ìjùmú, ni ọ̀kẹ́rẹ́ ti wá dúró fún wa. Ìlú olókè àpáta ni. Ibẹ̀ ni ìlú Olóyè Nike Davies-Okundaye, tí wọ́n bí ní 1951, tó kọ́ aṣọ híhun nínú ìdílé rẹ̀ kí ayé tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Obìnrin tí a bá nídìí òfì kò dìde fún wa. Òfì rẹ̀ dúró ti ògiri, òun náà jókòó níwájú rẹ̀. Á ti òwú kọjá, á fi pákó pẹlẹbẹ kan tó ti ń dán gbá a wálẹ̀, gbì, gbì. Á tún dúró, á fi èékánná wá òwú tó já, á so ó. Ìyàwó mi jókòó tì í títí oòrùn fi yẹ̀. Ohun tó hun ní gbogbo àsìkò yẹn kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ló gbé wa dé orí aṣọ ipó, aṣọ pupa ilẹ̀ Bùnú, tí wọ́n fi ń ṣẹ̀yẹ òkú àwọn ènìyàn ńlá. Elisha Renne, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, lọ gbé ní Bùnú kó tó kọ ìwé tó jáde ní 1995 lórí aṣọ wọn, *Cloth That Does Not Die*. Kò sẹ́ni tó lè rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ láti ojú fèrèsé ọkọ̀.

Láti Kàbà sí Obajana, kọnkéré tí ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì Dangote dà, kìlómítà 43, ti mú ọ̀nà yá. Tírélà símẹ́ńtì kún ibẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sì dé Lọ́kọ́ja, wọ́n á fi Òkè Patti hàn yín, wọ́n á ní ibẹ̀ ni Flora Shaw, aya gómìnà òyìnbó Lugard, dúró sí tó wo odò Ọya àti Bẹ́núé kó tó sọ wá ní Nàìjíríà. Àlejò oníkánjú á gbà á bẹ́ẹ̀, á ya fọ́tò, á lọ. Ṣùgbọ́n inú ìwé ìròyìn *The Times* ní Lọ́ńdọ̀nù ni orúkọ náà ti jáde ní ọjọ́ 8 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897. 1902 ni òun àti Lugard tó ṣègbéyàwó. Oṣù kìn-ín-ní 1897 yẹn gan-an ni ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn òyìnbó, gbéra láti Lọ́kọ́ja lọ lé àwọn ọmọ ogun Núpé kúrò ní Kàbà. Ìtàn tó yẹ kí àlejò máa gbọ́ nìyẹn.

N ò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ: kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń sáré lọ́nà yìí ni onísùúrù kékeré. Àwọn ajínigbé ti dá ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà nílẹ̀ Okun, ẹni tó sì ń sá fún ẹ̀mí rẹ̀ kò ní wo ẹ̀yìn ọ̀kẹ́rẹ́. Gbèsè ìjọba nìyẹn, kí wọ́n san án. Àmọ́ inú igbó kọ́ ni mo ní kí ẹ dúró sí. Ẹ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kí ẹ tó gbéra, ẹ rìn lọ́sàn-án, ẹ jẹ́ kí alẹ́ bá yín nígboro. Bí wọ́n bá kí yín pé "Okun o", ẹ dáhùn, kí ẹ sì jókòó. Oṣù kẹfà ni Ògìdì ń ṣe ọdún ìlú wọn. Ẹ mú ọkọ tàbí aya yín dání, kí ẹ sì má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni ní Àbújá pé ẹ ó dé lọ́jọ́ kan náà.