Kí Á Tó Dárúkọ Ọ̀tá

Lóṣù yìí, mo fẹ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe tí èmi olùṣọ́-àgùntàn ṣe, kí ẹlòmíràn má baà ṣe irú rẹ̀.

Alàgbà kan nínú ìjọ wa ló ń kọ ìwé ìdámẹ́wàá. Ìkọ̀wé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kéré títí a kò fi lè kà á mọ́. Bí wọ́n bá gbé ọwọ́ ọ̀tún lé orí Bíbélì jẹ́ẹ́, á máa gbọ̀n. Bí wọ́n bá ń rìn, ọwọ́ òsì á máa fì, ti ọ̀tún á dúró gan-an.

Ìyàwó wọn ní iṣẹ́ ayé ni, ó sì ń fura sí ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀. Èmi náà kò wádìí. Mo kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí ọ̀tá ilé. Ẹbí pín sí méjì, ọwọ́ kò sì yéé gbọ̀n.

Àkọ́bí wọn ló mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà tó mọ̀ nípa ọpọlọ. Mo bá wọn lọ. Dókítà kò kánjú. Ó ní wọn kì í fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mọ àìsàn tí òun ń fura sí. A ní láti wo aláìsàn dáadáa, kí á sì yọ àwọn àìsàn tó jọ ọ́ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó kọ́kọ́ yẹ gbogbo oògùn wọn wò, nítorí àwọn oògùn kan, bíi metoclopramide tí wọ́n ń lò fún èébì, tàbí haloperidol tí wọ́n ń lò fún àìsàn ọpọlọ, lè mú kí ara gan tàbí kó máa gbọ̀n. Ó ní kí wọ́n na ọwọ́, kí wọ́n gbé ife: ìgbọ̀n mìíràn wà tó jẹ́ pé ìgbà téèyàn bá ń lo ọwọ́ ló ń le, ṣùgbọ́n tiwọn ń le nígbà tí ọwọ́ bá sinmi. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nítorí thyroid tó wà lọ́rùn, nítorí bí iṣẹ́ rẹ̀ bá pọ̀ jù, ọwọ́ á máa gbọ̀n. Ó ya àwòrán ọpọlọ, bóyá rọpárọsẹ̀ tàbí kókó ló wà níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa fi ìka kan àtàǹpàkò léraléra. Ọwọ́ ọ̀tún ń falẹ̀ sí i. Ó wá fún wọn ní oògùn levodopa, ara wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá sí i.

Ìgbà náà ló tó dárúkọ rẹ̀: àìsàn Parkinson, tí Dókítà James Parkinson kọ̀wé nípa rẹ̀ ní London ní 1817. Òun náà ni wọ́n sọ fún Muhammad Ali ní 1984. Nínú ọpọlọ, àwọn ohun tó ń pèsè dopamine, tí ara fi ń rìn geere, ló ń kú díẹ̀díẹ̀. Oògùn kò tíì wò ó tán, ṣùgbọ́n ó ń dẹ̀ ẹ́.

Mo lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó àbúrò náà. Ó sunkún, ó ní, “Pásítọ̀, ẹ kò tilẹ̀ bi mí léèrè.”

Ẹ̀yin ará, Lúùkù tó kọ ìwé ìhìnrere, oníṣègùn ni (Kólósè 4:14). A kò ní dẹ́kun àdúrà. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ ń wọ́lẹ̀, ẹ tètè rí dókítà, ẹ má sì dá oògùn kankan dúró fúnra yín. Olúwa yóò dárí jì wá, yóò sì fún wa ní ọgbọ́n. Àmín.