Ọkọ̀ ojú irin lè pẹ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún èrò

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ tinú mi lórí rélùwéè tó ń ná Èkó sí Ìbàdàn. Ẹlòmíì lè bi mí pé, "Ìwọ ará Ìsẹ́yìn, kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?" Ó kàn mí gan-an ni.

Nígbà tí àwọn òyìnbó ṣí ojú irin Ìbàdàn ní 1901, Òṣogbo ni wọ́n gbà lọ ní 1907, kí wọ́n tó kọjá sí Ìlọrin. Wọ́n fi àwa ará Òkè-Ògùn sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n èyí tí Ààrẹ Buhari ṣí ní ọjọ́ 10 Oṣù Kẹfà 2021, Móníyà ló parí sí, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè. Móníyà sì rèé, ẹnu ọ̀nà wa ni. Láti ìgbà tí ìjọba Gómìnà Mákindé ti parí àtúnṣe ọ̀nà Móníyà sí Ìsẹ́yìn, ará Ṣakí tàbí Òkèhò tó ń lọ Èkó lè sọ̀ níbẹ̀ kó wọ rélùwéè, láì dé ìgboro Ìbàdàn rárá. A dúpẹ́ fún ìyẹn.

Kì í ṣe pé ọkọ̀ ń bàjẹ́ ló ń dun èrò jù. Irin ni, irin a sì máa bàjẹ́. Ní Oṣù Kejì 2022, epo díísù tán nínú ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn láàrin ọ̀nà, èrò há sínú igbó, àjọ rélùwéè sì tọrọ àforíjì. Ní ọjọ́ 26 Oṣù Kẹjọ 2025, èyí tó ń ti Àbújá lọ Kàdúná yẹ̀ kúrò lójú irin ní Asham, ó sì di Oṣù Kẹwàá kí iṣẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀ lójú irin yẹn. Ìdádúró kì í ṣe àlejò mọ́. Ohun tí a bá sì ti mọ̀ pé yóò wá, ṣe là ń múra sílẹ̀ dè é.

Aṣọ òkè ni èmi ń hun. Aṣọ tí wọ́n fẹ́ rán fún ìgbéyàwó ọjọ́ Sátidé, bí kò bá tètè dé Èkó, ó di aṣọ ẹ̀yìn àríyá nìyẹn. Ẹ tún wo ẹni tó gbéra ní Ṣakí kí àkùkọ tó kọ. Bí ọkọ̀ kò bá lọ, ará Ìbàdàn lè padà sílé lọ jẹun. Ará Ṣakí ńkọ́? Tó bá padà, owó mọ́tò àlọ àtàbọ̀ ti run. Tó bá dúró, kò mọ̀ bóyá wákàtí kan ni tàbí ilẹ̀ yóò ṣú bá a. Ká ní wọ́n ti sọ fún un ní kùtù ni, ì bá wọ mọ́tò lọ tààrà. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé àìsọ fún èrò burú ju kí ọkọ̀ pẹ́ lọ.

Ẹ wo gáréèjì wa níbí. Kò sí kọ̀ǹpútà, kò sí ọ́fíìsì ńlá. Táyà bá jò, dẹ́rẹ́bà á ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má bínú, ẹ bọ́ sí mọ́tò ti ẹ̀yìn." Ẹni tí kò bá lè dúró á gba owó rẹ̀. Ṣé ohun tí dẹ́rẹ́bà ń ṣe ni iléeṣẹ́ ìjọba kò ní lè ṣe?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò ṣeé ṣe láti mọ èrò. Nígbà tí rélùwéè Àbújá sí Kàdúná tún bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kejìlá 2022, lẹ́yìn ìkọlù àwọn agbébọn, wọ́n ní ẹni tí kò bá ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti ìjọba àpapọ̀ kò lè ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó lè béèrè ìyẹn lè béèrè nọ́ńbà tẹlifóònù, kó sì fi ránṣẹ́ sí èrò.

Nǹkan mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkínní, bí ọkọ̀ yóò bá pẹ́, kí wọ́n fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí tẹlifóònù èrò, kó sì wà ní èdè Yorùbá pẹ̀lú. Èkejì, kí wọ́n máa kéde rẹ̀ lórí rédíò ní ìdájí, kí ará ọ̀nà jíjìn tó kúrò nílé. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n máa dá owó padà láìjẹ́ pé èrò jà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ọkọ̀ bá fi ìṣẹ́jú 15 tàbí 30 pẹ́, púpọ̀ nínú àwọn iléeṣẹ́ rélùwéè ibẹ̀ ló ń dá lára owó tíkẹ́ẹ̀tì padà. Bí owó bá ń jáde lápò ẹni, èèyàn á máa wo aago.

Kí àwọn aṣòfin wa tó wà l'Ábùújá bá wa gbé ọ̀rọ̀ yìí débi tó yẹ. Àwọn àgbà ló ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Kò sẹ́ni tó ní kí ọkọ̀ fò; ẹ ṣáà máa sọ fún wa.

Ire o.

Ahunṣọ kan,
Ìsẹ́yìn.