Gẹ̀ẹ́sì Tí Kò Lẹ́nu

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ní Àbújá, Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, Ọ̀mọ̀wé Tunji Alausa, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti wọ́gi lé ìlànà ọdún 2022 tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ ọmọ láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Ìdí tí ó mú wá ni pé ibi tí wọ́n ti lo èdè abínibí ní àlòjù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.

Ìkàrẹ́ ni ìròyìn náà bá mi. Àwọn òbí kan pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ó ti pẹ́ tí ó ti yẹ kí ìjọba ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo padà dé Àkùngbá, mo bá àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ wa níbi tí wọ́n ti ń fi ìbínú sọ̀rọ̀, tí wọ́n ní kí Gẹ̀ẹ́sì kó ẹrù rẹ̀ kí ó máa lọ sí ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi: n kò sí lẹ́yìn ìhà kankan nínú méjèèjì. Ohun tí èmi rí ni pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀kà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yanjú nítorí pé a kò jẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, a kò sì fi èdè tí ó gbọ́ là á yé e. Èdè ìyá rẹ̀ kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀ràn náà.

Ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè wa yìí ni mo lọ. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé òun nìkan kọ́ ni ó ń ṣe irú rẹ̀. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ Yorùbá yóò san owó ìtanràn, yóò sì gbé pátákó kan kọ́ ọrùn títí yóò fi rí ẹlòmíràn tí ẹnu rẹ̀ yọ̀. Kí ni òfin yìí sọ wá dà? Odi ni ó sọ wá dà. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tíì tó sọ, tí a sì ní kò gbọdọ̀ sọ Yorùbá, kí ni ó tún kù tí yóò ṣe bí kò ṣe kí ó panu mọ́? Kíláàsì wa a máa dákẹ́ rọ́rọ́, àwọn olùkọ́ a sì máa yìn wá pé a ní ìwà.

Mo rántí alẹ́ ọjọ́ kan tí a jókòó tí a ń kàwé. Ọmọkùnrin kan tí ó wá láti Ọ̀kà, tí ìṣirò kò le fún rárá, dìde lójijì, ó na ìka sí ẹsẹ̀ ògiri, ó kígbe pé, “Rope! Rope is walking!” Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò tíì tán tí ejò fi wọ́ gba abẹ́ bẹ́ǹṣì wa kọjá, tí olúkúlùkù sì ń wá ojú fèrèsé tí yóò bẹ́ gbà jáde. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ tún ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn gbé yẹ̀ wò. Àwọn àgbà wa kì í dárúkọ ejò lálẹ́. Okùn ni wọ́n máa ń pè é. Ọmọ tí a kọ́ nílé dáadáa ni, ohun tí ilé kọ́ ọ ni ó sì ń wá ọ̀nà láti fi Gẹ̀ẹ́sì sọ. Ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ọ́ ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a kò rí olùkọ́ kan tí ó sọ fún wa pé ejò kì í “walk” ní èdè Òyìnbó, pé “crawl” ni ó ń ṣe. Ohun tí a gbọ́ ni pé Yorùbá ni ó pọ̀ jù nínú ariwo tí a pa, nítorí náà kí gbogbo kíláàsì san ìtanràn.

Bí a ṣe ń kọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Bí a ṣe ń kọ́ ìpè tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì WAEC, ìwé kẹta ni ti ìpè. Ní Nàìjíríà àti Làìbéríà, ìbéèrè 60 ni, ìṣẹ́jú 45 ni a fi ń dáhùn rẹ̀, máàkì 30 ni ó wà fún un, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì ní la ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Yóò wo lẹ́tà tí a fà nídìí, yóò wá ọ̀rọ̀ tí ó ní irú ohùn kan náà, yóò sì fi pẹ́ńsù kun ojú ìdáhùn. Ní Gánà, Sàró àti Gáḿbíà, wọ́n tilẹ̀ ń jẹ́ kí ọmọ tẹ́tí sí ohùn ènìyàn kí ó tó dáhùn. Tiwa kò ní etí, kò sì ní ẹnu. Nítorí náà a máa ń há ìpè sórí bí a ti ń há orúkọ àwọn odò sórí nínú ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì, láìfi ẹsẹ̀ kan inú omi rí. Mo mọ ẹni tí ó gba máàkì rere níbẹ̀ tí kò lè fi Gẹ̀ẹ́sì júwe ọ̀nà ọjà fún àlejò.

Bẹ́ẹ̀ ni etí ọmọ Yorùbá mú ju abẹ lọ! Ọmọ tí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ láìtíì pé ọdún márùn-ún, kí ni yóò sọ ọ́ nù nínú ìpè Gẹ̀ẹ́sì bí a bá fi ohun tí ó mọ̀ hàn án? Ìyá tí ó ń ta tòmátì ní ọjà Ìkàrẹ́ ti yanjú ohun tí a ń fi odindi sáà kan dà rú. Ibi tí Òyìnbó bá ti tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù, ibẹ̀ ni ìyá yìí máa ń fi ohùn òkè sí. Ẹ pè é síta: tísà, gómìnà, tòmátì, kọ̀ǹpútà. Nínú méjì àkọ́kọ́, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni ohùn ti ròkè, ibẹ̀ náà sì ni Òyìnbó ti tẹ̀ ẹ́. Nínú méjì tí ó kẹ́yìn, àárín ni. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ àyálò ni ó tẹ̀lé ìlànà yìí géérégé, ṣùgbọ́n èyí tí ó tẹ̀lé e pọ̀ tó láti fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Olùkọ́ tí ó bá kọ mẹ́rin wọ̀nyí sí ojú pátákó, tí ó sì sọ ìdí rẹ̀ ní Yorùbá, yóò jẹ́ kí ọmọ lóye ní ọ̀sán kan ohun tí ìwé aláwòrán rẹ̀ kò lè fi hàn án ní ọdún kan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni “van” tí ẹnu wa máa ń sọ di “fan”. A kò ní ohùn yẹn nínú èdè wa, òótọ́ ni. Sọ fún ọmọ kí ó fi ìka kan ọ̀fun rẹ̀, kí ó pe méjèèjì. Ọ̀kan yóò gbọ̀n lábẹ́ ìka, èkejì kò ní gbọ̀n. Ó parí. Ọ̀rọ̀ “sit” àti “seat” tí a ń fi lu ọmọ ńkọ́? Àwọn onímọ̀ èdè ti fi hàn pé fáwẹ́lì àìránmúpè mẹ́sàn-án ni ó wà nínú èdè àwọn aládùúgbò wa ní Èkìtì, kì í ṣe méje bíi ti Yorùbá àjùmọ̀lò. Ọ̀kan nínú méjì tí ó lé náà sì sún mọ́ fáwẹ́lì tí Òyìnbó fi ń pe “sit” gidigidi. Ọmọ Èkìtì tí ó bá wá kàwé ní Ìkàrẹ́ ti gbé e wá láti ilé, àwa ni a ó sì sọ fún un pé kí ó gbàgbé ohùn ilé rẹ̀ kí ó tó lè mọ Gẹ̀ẹ́sì pè.

Ní ti gírámà, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí. Ọmọ kan kọ àròkọ pé bàbá òun ti oko dé: “My father, they have come from farm.” Olùkọ́ fi báírò pupa fa igi lé e lórí, ó kọ “grammar” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tán. Ṣùgbọ́n àìmọ̀kan kọ́ ni ó mú ọmọ náà kọ “they”. Ẹ̀kọ́ ilé ni. Ta ni ó ń pe bàbá rẹ̀ ní ‘ó’? Ìṣẹ́jú kan péré ni olùkọ́ ìbá fi wí ní Yorùbá pé Òyìnbó kì í fi arọ́pò-orúkọ bọ̀wọ̀ fún àgbà. Bóyá ẹnì kan ni tàbí ọ̀pọ̀, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ni ó ń wò. Ọ̀kan ni bàbá rẹ, ọkùnrin sì ni, nítorí náà “he”. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ‘gbọ́’ tí ó mú kí a máa kọ ọ́ pé a ń “hear” òórùn ọbẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀-ìṣe wa tí kì í yí ara padà, ìbáà ṣe àná ni a lọ, ìbáà ṣe ojoojúmọ́ ni a máa ń lọ. Gbogbo àṣìṣe wọ̀nyí ní orírun, Yorùbá ni a sì lè fi tọ́ka sí orírun náà. Báírò pupa kò lè sọ̀rọ̀.

Àwọn kan yóò ní àlá ni mò ń lá. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ yòókù, ṣùgbọ́n wọ́n wá olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ọmọ wọ̀nyí wé àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọn kò rẹ̀yìn, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Fafunwa yìí kan náà ni ó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní ọdún 1990. Lórí àga kan náà ni Ọ̀mọ̀wé Alausa jókòó sí nígbà tí ó kéde tirẹ̀.

Èsì ìdánwò tí wọ́n sì ń nà sí wa lójú, ṣé a ti gbàgbé ti oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni? WAEC gbé e jáde pé ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ni ó ní kírédíìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò. Ẹkún sọ ní ilé púpọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn aláṣẹ ìdánwò fi jẹ́wọ́ pé àwọn ni ó ṣe àṣìṣe: ìdáhùn tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọ́n fi ṣe máàkì apá kan nínú Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, ìdá 38.32 di 62.96. Èwo ni èdè abínibí bá wọn ṣe nínú ìyẹn?

Ẹ̀yin ọmọ Ẹgbẹ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ kan àwa náà. Àwa tí a ń pariwo ‘èdè ìyá’ máa ń rò pé Yorùbá ni ìyá gbogbo ènìyàn. Ẹ wọ mọ́tò láti Ìkàrẹ́ lọ sí Àrìgìdì, ẹ ó gbọ́ èdè tí kò ní yé yín. Ẹ lọ sí Ìkáràm tàbí Ìbáràm. Èdè tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Akpes ni àwọn ìyá fi ń rẹ ọmọ wọn níbẹ̀. Yorùbá ni èdè kejì ọmọ bẹ́ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀kẹta. Bí ó bá jẹ́ pé èdè kan a máa lé èdè mìíràn jáde kúrò nínú orí, orí àwọn ọmọ Àkókó ìbá ti ṣófo tipẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ Ìkáràm bá dé kíláàsì Yorùbá tí ohùn rẹ̀ lọ́, àwọn wo ni ó ń fi í rẹ́rìn-ín? Àwa náà ni. Mo ti ṣe é rí, ojú sì ń tì mí. Ẹni tí ó ń gbé pátákó kọ́ ọmọ aládùúgbò rẹ̀ lọ́rùn kò lè bá Àbújá jà lórí pátákó.

Ẹ má sì ṣe sọ fún ọmọ kankan ní Ọ̀kà pé Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe pàtàkì. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ bẹ́ẹ̀ ti rí i gbà ná! Kò sí kírédíìtì Gẹ̀ẹ́sì, kò sí yunifásítì, bí ó tilẹ̀ ṣe Yorùbá ni ènìyàn fẹ́ lọ kọ́. Nínú ìbéèrè 180 tí JAMB ń bi ọmọ, 60 jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Oladele Awobuluyi, ọmọ Àkókó, kọ ìwé lórí gírámà Yorùbá ní ọdún 1978, Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì fi kọ ọ́, kí gbogbo ayé lè mọ̀ bí èdè wa ti rí. Àjàyí Crowther dé Freetown ní ọdún 1822 láìgbọ́ èdè kan ju ti ilé rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1843 ni ó tẹ ìwé tí ó to ọ̀rọ̀ Yorùbá àti ìtumọ̀ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì jáde. Èdè méjèèjì wà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀kan kò pa èkejì.

Nítorí náà ni mo ṣe lọ bá akọ̀wé Ẹgbẹ́ wa. Àkùngbá wà láàárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, owó mọ́tò kò pọ̀. Mo ní kí àwa tí a bá lè yọ̀ǹda ara wa máa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ìlú méjèèjì ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, wákàtí kan péré. Kò ní sí pátákó, kò ní sí ìtanràn. Ọmọ yóò fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ sókè, yóò ṣì í sọ, a ó fi Yorùbá sọ ibi tí ó ti ṣì í àti ìdí rẹ̀, yóò sì tún un sọ títí yóò fi gún. Akọ̀wé fọwọ́ sí i, ó sì gbé ìwé sórí tábìlì rẹ̀ kí ẹni tí ó bá fẹ́ wá kọ orúkọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. Orúkọ mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀ títí di àná, méjì nínú wọn sì jẹ́ ti àwọn ọmọ ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì, tí wọn kì í ṣe ọmọ Ẹgbẹ́ wa rárá.