Gbọ̀ngàn Glover Ti Ṣe Tirẹ̀, Àwa Ńkọ́?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ta ló mọ Gbọ̀ngàn Glover nínú wa? Mo bi àwọn kíláàsì wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹnìkan ní òtẹ́ẹ̀lì ni, ẹlòmíràn ní títì kan ni n'Íkòyí. Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ ó dùn mí náà.

Erékùṣù Èkó ni Glover Memorial Hall wà. Orúkọ Gómìnà John Glover ni wọ́n fi sọ ọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá han ará Èkó, ní oṣù kẹjọ ọdún 1903. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC sílẹ̀ ní 1944. Lọ́dún yẹn kan náà, Hubert Ògúndé gbé eré rẹ̀ lórí Ọgbà Édẹ́nì síbẹ̀. Ọlọ́pàá ni nígbà náà o, kò tíì lókìkí rárá! Ìjọ Aládùúrà ló ní kó ṣe é. Ká ní kò ríbi ṣe é, ṣé à bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ báyìí?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wálé. Nínú ìkànìyàn 2006, àwa ará Alímọ̀ṣọ́ ti ju mílíọ̀nù kan lọ. Àmọ́ gbọ̀ngàn tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ti ìgbéyàwó àti ìsìnkú ni. Ìta gbangba la ti ṣe eré ìparí ọdún wa. Òjò dé, ọba sá, olorì sá, àwọn òbí náà sá. Eré parí nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ìjọba Èkó ti kọ́ tíátà sí Ìgàndò, nínú Alímọ̀ṣọ́ wa níbí. Mélòó nínú wa ló ti wọ ibẹ̀? Èmi gan-an ò tíì wọ̀ ọ́ rí.

Àwọn kan á ní fóònù ti tó, ká ṣe eré ká gbé e sórí TikTok. Mo gbà, àmọ́ fóònù ò lè pàtẹ́wọ́ fún ẹ, kò sì lè hó lé ẹ lórí tóo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ojú àwọn èèyàn lèèyàn ti ń kọ́ eré.

Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ bá àwọn alábòójútó tíátà yẹn sọ̀rọ̀. Kí wọ́n fún àwa ilé-ìwé ní ọjọ́ kan péré ní táàmù kọ̀ọ̀kan, lówó tí apá òbí máa ká. Àwa náà ò sì ní dúró di àárọ̀ ọjọ́ eré ká tó máa há ọ̀rọ̀ wa sórí.